Mílíìkì àárọ̀ Màmá: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe wá èyí tó rọ́pò ti màlúù

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ṣe

Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń mu ògì láàárọ̀, mílíìkì inú agolo ni wọ́n sì máa ń dà lé e lórí. Tó bá di alẹ́, tíì tó ní mílíìkì ni. Nígbà tí inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn mọ́, a lọ rí dókítà. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó ní kí wọ́n fi gbogbo mílíìkì màlúù sílẹ̀ ná kí a máa wo bí ara ṣe máa rí. Kò pẹ́ tí inú náà fi rọlẹ̀. Ó wá ku ìbéèrè kan: kí ni ká máa dà sí ògì?

Kí n tó ra ohunkóhun, mo kọ iṣẹ́ tí mílíìkì ń ṣe nínú oúnjẹ Màmá sílẹ̀. Wọn kì í jẹun púpọ̀ mọ́, ẹran sì ti ń nira fún eyín wọn. Mílíìkì àárọ̀ yẹn wà lára ibi díẹ̀ tí èròjà amáradàgbà ti ń wọ ara wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí kálísíọ̀mù fún egungun. Ohunkóhun tí mo bá fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn, tàbí kí n mọ ibòmíràn tí a ó ti máa rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ bá ògì lọ, kí ó bá tíì lọ, kí a lè máa ṣe é bí iná ò tilẹ̀ sí fún ọjọ́ kan gbáko, kí owó rẹ̀ má sì jẹ́ èyí tí a ó rà lẹ́ẹ̀kan tí a ó dá dúró.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí mo ń rí láyìíká mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé òun ò gbọdọ̀ mu mílíìkì mọ́ á sáré lọ gbé páálí tó rẹwà jù lọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Omi funfun tó dùn lẹ́nu ló rà, ó sì rò pé oúnjẹ ni. Fún ọ̀dọ́ tó ń jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dáadáa, kò sí wàhálà púpọ̀ níbẹ̀. Fún àgbàlagbà tàbí ọmọdé, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Kí ló ń ṣe inú

Súgà kan wà nínú mílíìkì tó ń jẹ́ lactose. Ìfun kékeré ló ń pèsè èròjà tó ń gé e sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Lactase ni wọ́n ń pe èròjà náà. Ọmọ ọwọ́ ní in lọ́pọ̀lọpọ̀ torí ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń dàgbà ló ń dín kù. Lactose tí kò bá rí gé á ṣàn dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, omi á sì tẹ̀lé e. Òun ló ń mú inú wú, tó ń mú un kùn, tó sì ń sọ ìgbẹ́ di omi.

Ní ọdún 1971, Olikoye Ransome-Kuti, onímọ̀ ìṣègùn àwọn ọmọdé tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó bá Norman Kretchmer, dókítà àwọn ọmọdé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ara àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń gba lactose. Ọ̀pọ̀ jù lọ Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò ni ìfun wọn kò lè gé e bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ní tiwọn ń mu ún láìsí ìnira. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé èmi nìkan kọ́. Mo ti ń rò pé ọjọ́ ogbó ló dé." Ó wù mí kí ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn mílíìkì mọ èyí kí ó tó máa ra oògùn aràn kiri.

Màmá bi mí nípa wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Oje ewé bomubómu ni wọ́n fi ń mú mílíìkì dì, omi rẹ̀ á sì ṣàn kúrò. Inú omi yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú lactose ń bá lọ. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé lactose nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lè jẹ ègé wàrà kan kí nǹkan má ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ara wọn ń bá èròjà amáradàgbà inú mílíìkì jà. Àlẹ́jì nìyẹn: ètè lè wú, ara lè sú, èémí lè há. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà, bọ́tà tàbí mílíìkì tí wọ́n ti gé lactose inú rẹ̀, torí màlúù ṣì ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe yín kí ẹ tó máa tẹ̀lé àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni, tèmi náà.

Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ka ẹ̀yìn gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá. Kókó mímu tí wọ́n fẹ́ràn ní mílíìkì nínú. Bísíkíìtì méjì ní in. Lára agolo, kì í ṣe milk nìkan là ń wá. Whey, casein, caseinate, lactose àti milk solids, inú mílíìkì ni gbogbo wọn ti wá.

Èyí tó gbàfiyèsí mi jù ni ìyẹ̀fun funfun tí àwọn ènìyàn ń bù sí kọfí, tí wọ́n kọ non-dairy sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Mo yí i padà, mo gbé e sún mọ́ fèrèsé kí n lè rí àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà. Sodium caseinate wà láàárín wọn, èròjà amáradàgbà tí wọ́n yọ láti inú mílíìkì. Fún Màmá, ewu kò sí nínú ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àlẹ́jì ni kó sá fún un. Mo kó gbogbo ohun tó ní mílíìkì sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, mo lẹ ìwé mọ́ ọn, kí ọmọ tó ń ran Màmá lọ́wọ́ má bàa ṣi wọ́n mú.

Ọ̀fíọ̀

Ọ̀fíọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí òun ni gbogbo ilé fẹ́. Sábó ni mo ti rà á. Tútù rẹ̀ máa ń kún, ó sì dán. Gbígbẹ a máa hunjọ, ó sì le bí òkúta. Àwọn méjèèjì dára, àmọ́ a gbọ́dọ̀ rẹ gbígbẹ mọ́jú kí ó lè wú, kí a sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú u, iyanrìn a sì máa há sínú àwọn ìlà ara rẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra á nínú omi léraléra títí omi á fi mọ́, kí ẹ ṣa òkúta àti èyí tó ti jẹrà kúrò.

Omi tí mo ti sè tí mo jẹ́ kó tutù ni mo fi lọ̀ ọ́. Ìdí ni pé a kì í se mílíìkì ọ̀fíọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ tán, ìdọ̀tí tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn. Mo fi dàbínò díẹ̀ àti atalẹ̀ sí i, mo sì fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Ohun tó jáde funfun, ó ní ọ̀rá díẹ̀, adùn rẹ̀ kò sì lẹ́gbẹ́. Àwọn ọmọ mu ún tán kí n tó fọ bílẹ́ńdà.

Lẹ́yìn náà mo dá díẹ̀ sínú ìkòkò, mo gbé e ka gáàsì. Kò tíì hó rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tó ń fà mọ́ ṣíbí. Sítáàṣì pọ̀ nínú ọ̀fíọ̀. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 70 °C ni sítáàṣì náà ń wú, mílíìkì á sì di ẹ̀kọ. Àwọn ará Valencia ní Sípéènì, tí wọ́n ń pè é ní horchata, tútù ni wọ́n ń mu ún, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará òkè ọya ṣe ń mu kunun aya tiwọn. Kò ṣeé fi po tíì gbígbóná tí èèyàn á fi gbádùn rẹ̀.

Ohun tó wá yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àárọ̀ ni èròjà amáradàgbà. Nínú mílílítà 100 mílíìkì màlúù, gíráàmù 3 lé díẹ̀ ni ti amáradàgbà. Ti ọ̀fíọ̀ tí a pò bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 1 lọ. Ọ̀rá rẹ̀ dára, irú èyí tó wà nínú òróró ólífì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ kò lè gba ipò ohun tí Màmá pàdánù. Mo fi í sí ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó má fi dàbínò sí i. Ọ̀fíọ̀ fúnra rẹ̀ ti ní súgà tirẹ̀.

Àwọn tí mi ò pẹ́ lórí wọn

Àgbọn: ọbẹ̀ àti ìrẹsì ló yẹ. Ọ̀rá tó ń dì ló pọ̀ nínú rẹ̀, èròjà amáradàgbà kéré. Màmá ní ó ń mú ògì rùn bí òróró irun, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Kajú: ó wú mi lórí. Bí a bá rẹ ẹ́ dáadáa, a kì í sẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń yòrò sínú omi, ó sì ń ki díẹ̀ bí a bá gbé e ka iná. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè rí i rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lè dán an wò. Ní ọjà wa, owó rẹ̀ kò ṣeé máa ná lójoojúmọ́.

Álímọ́ńdì inú páálí: ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ wo ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ álímọ́ńdì lóòótọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n san owó náà.

Ọ́ọ̀tì: àbúrò mi tó ń gbé ní London ní òun ni gbogbo ènìyàn ń mu lọ́dọ̀ àwọn báyìí. Ọmọ Sweden kan, Rickard Öste, ni iṣẹ́ tó ṣe ní Yunifásítì Lund bí èyí tí wọ́n ń tà kárí ayé. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi èròjà kan gé sítáàṣì ọ́ọ̀tì di súgà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yọ̀. Èyí tí a bá fi bílẹ́ńdà lọ̀ nílé kò ní irú èròjà bẹ́ẹ̀, ó máa ń fà bí ilá, pàápàá bí a bá gbé e ka iná. Mo dá a dúró.

Ìrẹsì: omi àti sítáàṣì. Ní Britain, wọ́n ti kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní mílíìkì ìrẹsì rárá nítorí arsenic, májèlé kan tó lè wà nínú rẹ̀.

Bí mo ti dárúkọ ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí tó jẹ́ oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá rẹ̀ ni, tàbí mílíìkì ọmọ ọwọ́ tí dókítà bá yàn fún un. Sóyà tí a sè nílé kò lè dúró fún un.

Sóyà

Ibí ni mo pẹ́ sí jù, torí ibí ni ojútùú wà. Sóyà tí a bá ṣe dáadáa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 3 amáradàgbà nínú mílílítà 100, ó súnmọ́ ti màlúù pẹ́kípẹ́kí. Kò ṣàjèjì sí wa pẹ̀lú. Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, níbí ní Ìbàdàn, ní Moor Plantation. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìlú wa yìí, ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí irúgbìn rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń sọ ọ́ di oúnjẹ nínú ilé. Ní Bódìjà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà ni ó wà, iye rẹ̀ sì ṣeé bá pàdé.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sá fún ni òórùn. Wọ́n á ní ó ń rùn bí ẹ̀wà tútù, ó ń fi bí ewéko sílẹ̀ lẹ́nu. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Nínú kóró sóyà, èròjà kan wà tó ń jẹ́ lipoxygenase. Ó ń sùn níbẹ̀ jẹ́ẹ́ títí a ó fi fọ́ kóró náà nínú omi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò mú ọ̀rá inú sóyà, tí yóò sì sọ ọ́ di òórùn yẹn. Bí òórùn náà bá ti jáde, síse kì í lé e lọ tán. Ohun tó lè pa á ni kí ooru ti kan kóró náà kí a tó lọ̀ ọ́.

Mo ṣe oríṣi méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n lè fi imú mi mọ ìyàtọ̀ náà. Sóyà kan náà, omi kan náà. Mo fi omi tútù lọ ọ̀kan, mo sì fi ooru pa ìkejì kí n tó fi omi gbígbóná lọ̀ ọ́. Mo gbé ife méjèèjì síwájú Màmá láìsọ èwo ni èwo. Wọ́n gbóòórùn àkọ́kọ́, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtọ́ ọ wò. Wọ́n mu ìkejì dé ìdajì, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ṣeé mu. Fi iyọ̀ sí i díẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún fi omi tútù lọ sóyà mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ń ṣa sóyà, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi tí mo fi baking soda díẹ̀ sí. Tó bá di òwúrọ̀, mo ń da omi náà nù. Mo á ti gbé ìkòkò omi kaná títí tó fi ń hó gan-an, mo á wá da sóyà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo á jẹ́ kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe pé kí a dà á sínú omi tútù kí a tó tanná o. Bí ooru ṣe kàn án lójijì ló ń pa èròjà òórùn yẹn.

Lẹ́yìn náà ni bíbó. Mo ń dà á sínú abọ́ ńlá, mo ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí i, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á bí ẹni ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Èèpo á fò sókè, á máa léfòó lójú omi ní àwọ̀ ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀, kóró á sì wà nísàlẹ̀, á pín sí méjì. Mo ń ṣẹ́ èèpo náà dànù pẹ̀lú omi, mo tún ń bu omi mìíràn. Kò di dandan kí gbogbo rẹ̀ lọ, àmọ́ bí èèpo bá ti ń dín kù ni mílíìkì ń dán, tí kì í sì í ha ọ̀fun.

Lílọ̀: ife sóyà gbígbẹ kan sí ife omi gbígbóná méje fún èyí tí a ó máa mu, márùn-ún fún èyí tí a ó dà sí ògì. Ẹ má kún bílẹ́ńdà ju ìdajì lọ, torí ooru a máa ti ọmọrí rẹ̀ sókè, ó sì lè jó ènìyàn lójú. Aṣọ ìnuwọ́ tó nípọn ni mo ń fi bo orí rẹ̀, tí mo sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbé sóyà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ní àdúgbò, torí ẹ̀rọ tó ń lọ ata láti àárọ̀ á fi ata sí mílíìkì.

Lẹ́yìn sísẹ́ ni síse, ibí sì ni ìkánjú ti léwu. Èròjà kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ara da amáradàgbà bó ṣe yẹ, ó sì lè dá inú rú. Ooru tó pẹ́ ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Kí mílíìkì sóyà tó hó lóòótọ́, ìfófòó rẹ̀ a ti ru sókè dé ẹnu ìkòkò, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ó ti jinná, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò tíì jinná. Ìkòkò tó gbòòrò ni kí ẹ lò, kí ẹ dín iná kù bí ìfófòó bá ti ń bọ̀, kí ẹ máa ro ìdí rẹ̀ torí kì í pẹ́ jó. Láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó gan-an, mo ń fún un ní ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, ìgbà mìíràn ọgbọ̀n. Mo ń fi iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ sí i àti ègé atalẹ̀ kan. Màmá kò fẹ́ súgà.

Èérí tó kù nínú aṣọ kì í ṣòfò. Mo ń pò ó mọ́ ẹ̀wà tí a lọ̀ fún àkàrà, ìwọ̀nba, kí àkàrà má bàa fọ́nká sínú òróró. Èyí tó bá ṣẹ́kù, adìyẹ aládùúgbò ń dúró dè é.

Ẹ rántí pé sóyà fúnra rẹ̀ lè fa àlẹ́jì fún àwọn kan. Ẹni tó bá sì ń lo levothyroxine, oògùn àwọn tí ẹṣẹ́ thyroid inú ọrùn wọn kò ṣiṣẹ́ tó, kó má mu ún pọ̀ mọ́ oògùn náà, kó jẹ́ kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀.

Ògì àti tíì

Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ibí ni ìjà máa wà. Àwọn obìnrin tó ń ṣe wàrà sóyà tí wọ́n ń dín, omi ògì tó kan ni wọ́n ń lò láti mú un dì. Mo wá fẹ́ da sóyà yẹn kan náà sínú ògì Màmá! Bí ògì bá ti kan jù, sóyà á dì wóróko wóróko lórí rẹ̀, ojú ò ní gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ba oúnjẹ jẹ́.

Ohun tó yanjú rẹ̀ kò le. A ń pààrọ̀ omi orí ògì lójoojúmọ́ kí kíkan rẹ̀ má bàa kọjá ààlà. A ń po ògì tán, a ń jẹ́ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀. Mílíìkì sóyà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ tutù láti inú fíríìjì. Lẹ́yìn náà mo ń bu ṣíbí ògì méjì sínú ife mílíìkì, mo ń rò ó pọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó ń da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ògì. Ó ń bọ̀ dán, ó ń rí bí ògì tí a fi mílíìkì inú agolo sí, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ní ìyeyè díẹ̀.

Ti tíì kò ní wàhálà tó ti kọfí, torí kọfí kan ju tíì lọ. Mílíìkì ni mo ń kọ́kọ́ dà sínú ife, tíì á tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Bí òrombó wẹ́wẹ́ bá wà nínú tíì, kò sí ọgbọ́n tó lè ràn án lọ́wọ́, ẹ mu ún bẹ́ẹ̀ láìsí mílíìkì.

Títọ́jú rẹ̀ nígbà tí iná kò sí

Mílíìkì tí a ṣe nílé kò ní oògùn tó ń mú un pẹ́. Ìgò onígíláàsì kékeré ni mo yàn, èyí tó gba ohun tí Màmá ń lò lọ́jọ́ kan. Mo ń se ìgò àti ọmọrí rẹ̀ nínú omi, mo ń rọ mílíìkì sínú wọn nígbà tó ṣì gbóná gan-an, mo ń dé e, mo á wá jẹ́ kó tutù nínú abọ́ omi kó tó wọ fíríìjì. Ìgò ńlá kan ṣoṣo kò dára, torí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni ohun mìíràn ń wọnú rẹ̀.

Nínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún sóyà. Ọ̀fíọ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ lọ́wọ́ mi, torí a kò sè é. Bí iná bá lọ, mo ń kó àwọn ìgò náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí mo ti fi pamọ́ sí fúríísà. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán tí iná kò tíì dé, èyí tó kù di dídànù, tàbí kí n tètè fi omi ògì mú un dì, kí n dín in jẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní dúró kí ó kan kí n tó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, pàápàá fún ẹni tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìsinmi.

Mo ti gbé díẹ̀ sí fúríísà rí. Nígbà tó yọ́, ó pín sí omi àti ìyẹ̀fun. Bílẹ́ńdà dá a padà sípò, ògì sì gbà á, ṣùgbọ́n kò wu ẹnikẹ́ni láti mu lásán.

Kálísíọ̀mù

Ibí ni sóyà ilé ti kù sí. Mílíìkì màlúù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 120 kálísíọ̀mù nínú mílílítà 100. Sóyà tí a lọ̀ nílé kì í tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Èyí tó wà nínú páálí, wọ́n sábà máa ń fi kálísíọ̀mù kún un, ẹ wò ó lẹ́yìn páálí kó lè dá yín lójú. Àbúrò mi kíyè sí i pé èyí tí wọ́n kọ organic sí ní London kì í sábà ní in. Kí a sì máa mi páálí náà dáadáa, torí kálísíọ̀mù a máa rọ̀ sí ìdí.

Mi ò gbìyànjú láti fi ohunkóhun kún ìgò tèmi nílé. Ibi oúnjẹ yòókù ni mo gbà lọ: ewédú ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹja inú agolo tí a ń jẹ tegungun-tegungun nítorí ó ti rọ̀, ṣáwá gbígbẹ tí a gún lódindi sínú ọbẹ̀, edé, àti yànmọ̀tí tí a yan tí a lọ̀. Ẹja àti ẹyin ló tún ń fún wọn ní fítámì B12, èyí tí kò sí nínú sóyà àfi bí wọ́n bá fi kún un nílé iṣẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí a padà lọ, ó sì fi kálísíọ̀mù oníhóró kún un fún wọn.

Ibi tí iṣẹ́ dé báyìí

Sóyà tó ki ni ti ògì àárọ̀, sóyà tó ṣàn ni ti tíì alẹ́. Ọ̀fíọ̀ jẹ́ ti òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá wá. Páálí sóyà kan tí a kò tíì ṣí máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ tí iná bá lọ pátápátá tàbí tí Màmá bá ń rìnrìn àjò. Ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ti mọ gbogbo iṣẹ́ náà, àfi sísè tí mo ṣì ń dúró tì í nítorí ìfófòó yẹn.

Ohun tó kàn ni ògì sóyà. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi, FIIRO, ti ṣe irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: sóyà tí a ti sè tí a sì bó ni a ó lọ̀ pọ̀ mọ́ àgbàdo ògì, kí èròjà amáradàgbà ti wà nínú ògì fúnra rẹ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ mílíìkì. Mo ti ra àgbàdo funfun, ó ti wà nínú omi. Bí mo bá mọ ìwọ̀n sóyà tí Màmá á gbà láìsọ pé ògì wọn ti yàtọ̀, màá kọ ọ́ síbí.